Tábìlì Funfun àti Ẹni Tí Kì Í Nájà

Ike ni mò ń tà ní Àgbowó, lójú títì tó kọjú sí géètì yunifásítì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì, báfù, jọ́ọ̀gì, hángà aṣọ, àga, tábìlì: ohun gbogbo tí ọmọ yunifásítì bá gbàgbé sílé bàbá rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ti máa ń rántí rẹ̀. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Mo wọ girama, mo kí i, ó kí mi, mo jáde ní kíláàsì kejì. Kò sẹ́ni tó lé mi o. Ara ìyá mi ni kò yá, ẹnìkan sì ní láti jókòó ti ọjà. Ìgbà tí ara wọn máa fi yá, ọjà ti wọ̀ mí lára, wọn ò rí mi lé padà mọ́. Nítorí náà, ibi tí ẹ bá ti rí i pé mo ṣi àmì fi sí, ẹ bá mi fò ó kọjá, ká jọ máa lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé kan, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìlélógún. Ọmọkùnrin kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ga, ó sì rí pẹlẹbẹ bíi pé wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́.

"Ẹ káàsán mà. Èló ni tábìlì funfun yẹn?"

Mo wò ó. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ ọlọ́jà, ẹ mọ irú ìwò tí mò ń wí. Bàtà mọ́. Aago ọwọ́ dáa. Yorùbá ẹnu rẹ̀, ti Bódìjà ni, ti ilé tí bàbá ti ń kọ́ni ní yunifásítì, tí wọ́n ń fi fọ́ọ̀kì jẹ dòdò. Mo wá pe owó kan, ojú ti èmi gan-an bí mo ṣe ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá gbé Ìbàdàn rí. Owó àkọ́pè kì í ṣe owó sísan. Ìkíni ni. Tí mo bá ti pè é, oníbàárà á lanu, á ní, "Háà! Ṣé wúrà lẹ fi ṣe é ni?" Èmi náà á ní, "Ẹ̀yin náà ẹ dá a." Á dá ohun tí kò tó ìlàjì. Màá rẹ́rìn-ín bíi pé ó bú mi. Á kọ ẹ̀yìn sí mi, á rìn dé iwájú ṣọ́ọ̀bù kejì, á máa fi ojú apá kan wò mí. Màá jẹ́ kó rìn díẹ̀ sí i, màá wá ké pè é, "Ẹ padà wá! Ẹ mú owó wá!" A ó jọ rẹ́rìn-ín, màá fi èènì kékeré kan lé ọjà rẹ̀, a ó di ọ̀rẹ́. Bí ìyá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí ìyá tó bí wọn ṣe ṣe é nìyẹn.

Ọmọkùnrin yìí ní, "Ó dáa mà." Ó sì san án. Gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ rò pé inú mi á dùn. Inú mi ò dùn rárá. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn na ọwọ́ láti bá ẹnìkan bọwọ́, tónítọ̀hún wá bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ fún un. Mo sáré mú jọ́ọ̀gì kan, mo nà án sí i.

Ó ní, "Rárá mà, mi ò sanwó jọ́ọ̀gì."

"Èènì ni."

"Ẹ má ṣe wàhálà mà."

Mà, mà, mà! Èmi tí mi ò tíì bí aáyán.

Ìyá tó ń ta ṣájà fóònù ní ṣọ́ọ̀bù kejì yọ orí síta. Kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi tí etí wọn kì í gbọ́. Wọ́n ní, "Oníke, kí lo pè fún un?" Mo sọ ọ́. Wọ́n káwọ́ lérí. "Ó sì san án? Bó ṣe wà yẹn? Ọmọ wo nìyẹn? Ṣé kò ní ìyá ni?"

Ó ní ìyá. A ṣì máa dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀.

Mo rò pé ọmọ Bódìjà máa gbé tábìlì náà lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì. Kò gbé e lọ síbì kankan. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló gbé e kalẹ̀ sí, lábẹ́ páànù tí onílé fi bo ibi tí jẹnẹrétọ̀ wọn máa ń wà. Ó ti lọ tọrọ àyè náà lọ́wọ́ onílé fún gbogbo ọ̀sán Sátidé. Kò pẹ́, àwọn mẹ́ta mìíràn dé. Ọ̀kan jẹ́ obìnrin, ó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà, tó bá sọ̀rọ̀ ní Òjòó wọ́n á gbọ́ ọ ní Ẹlẹ́yẹlé. Òun ni wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Ìtàn. Ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin kúkurú tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, mo sọ ọ́ ní Aláriwo. Ẹnì kẹta kì í sọ̀rọ̀ rárá, ẹ̀pà ló máa ń jẹ, mo sọ ọ́ ní Ẹlẹ́pà. Wọ́n tẹ́ bébà, wọ́n da dáìsì sílẹ̀. Kì í ṣe dáìsì lúdò o. Èyí tó ní ojú mẹ́rin wà níbẹ̀, èyí tó ní mẹ́jọ wà níbẹ̀, ọ̀kan sì wà tó ní ogún ojú, ó rí bí àgbálùmọ̀ tí wọ́n fi ọ̀bẹ ha lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́.

Ìyá oníṣájà wò wọ́n títí. Wọ́n ní, "Ẹgbẹ́ òkùnkùn ni."

Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá, lójú oòrùn báyìí?"

"Àwọn ti ìsinsìnyí ò bìkítà mọ́."

Sátidé méjì ni mo fi ń tẹ́tí kó tó yé mi. Ìtàn ni wọ́n jọ ń rìn nínú rẹ̀. Ọ̀gá Ìtàn á sọ ibi tí wọ́n dé àti ohun tí wọ́n rí. Oníkálukú ní ẹni tó ń ṣe nínú ìtàn náà, á sọ ohun tí ẹni yẹn fẹ́ ṣe, dáìsì á wá sọ bóyá ó ṣeé ṣe tàbí kò ṣeé ṣe. Ọmọ Bódìjà jẹ́ ọdẹ. Aláriwo jẹ́ jagunjagun. Ẹlẹ́pà jẹ́ oṣó, oṣó tí kì í pe ọfọ̀ nítorí pé ẹ̀pà wà lẹ́nu rẹ̀. Kò sówó tí wọ́n ta sí i. Kò sẹ́ni tó ń borí. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi ń làágùn, tí wọ́n fi ń lu tábìlì tí mo tà, nítorí òkè tí kò sí àti ilé tí ẹnìkan ò kọ́. Mo ní, ta ló sọ pé ìwé kíkà ń la ojú?

Sátidé kẹta ni ọ̀rọ̀ kàn mí. Wọ́n dé ẹnubodè ìlú kan nínú ìtàn, òmìrán kan sì dúró síbẹ̀. Ọ̀gá Ìtàn ki ohùn, ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, àpò wúrà mẹ́wàá!"

Ọmọ Bódìjà wo bébà rẹ̀. "A ní méjìlá. Ẹ jẹ́ ká san án."

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mò ń ta bọ́kẹ́ẹ̀tì fún obìnrin kan lọ́wọ́, mo fi í síbẹ̀. "Ẹ ò gbọdọ̀ san án! Irú èèyàn wo rèé? Ẹ ò rí i pé òkè ló ti bẹ̀rẹ̀?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Aláriwo ní, "Madam, abeg, na game."

"Wúrà náà ńkọ́, ṣé geèmù ni? Ẹ sún." Mo kọjú sí Ọ̀gá Ìtàn. "Bàbá Òmìrán, ẹ kú ìdúró o. Ẹ kú oòrùn. Àpò mẹ́wàá kẹ̀? Fún ibodè tí ògiri ẹ̀ ti sán yìí?"

Ọ̀gá Ìtàn lajú sílẹ̀, ẹ̀rín fẹ́ pa á, ṣùgbọ́n kò bọ́ ohùn òmìrán náà sílẹ̀. "Mẹ́wàá ni mo wí!"

"Àpò kan."

"Ṣé ẹ̀mí ẹ ò dùn mọ́ ẹ ni?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin lẹ tóbi. Ẹ wo àwọn ọmọ yìí bí ebi ṣe ń pa wọ́n. Eléyìí, ẹ̀pà nìkan ló ń jẹ láti àná. Àpò kan àbọ̀. Ẹ ò gbà? Ó dáa, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dìde, mo mọ ibodè mìíràn." Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo sì rìn títí mo fi dé ìdí àwọn báfù.

Ọ̀gá Ìtàn, ọmọ Ìbàdàn lòun náà, kò lè pa á mọ́ra. Ó pariwo, "Ẹ padà wá! Ẹ mú méjì wá!"

"Pẹ̀lú èènì," ni mo wí. "Kẹ́ ẹ gbé ọdẹ wa kọjá kòtò yẹn. Ẹsẹ̀ ń dùn ún."

Wọ́n ní kí n ju dáìsì olójú ogún kọ́rọ̀ náà lè fìdí múlẹ̀. Mo jù ú. Ogún ló jókòó lé. Igbe tí Aláriwo ké, ọlọ́kadà kan dúró, ó rò pé òun ni wọ́n ń pè.

Bí mo ṣe di ẹnì karùn-ún nìyẹn. Oníṣòwò ni mo jẹ́ nínú ìtàn, àfi bí ẹni pé mi ò tíì ṣòwò tó. Bébà tí wọ́n fún mi, Òyìnbó ló kún inú rẹ̀, wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ bí èèrà. Mo gbé e sókè, mo gbé e sísàlẹ̀, mo ní mo gbàgbé jígí ojú mi sílé. Mi ò ní jígí ojú. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọmọ Bódìjà mú bébà mìíràn wá. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo ẹ̀ ní Yorùbá, àmì wà lórí, àmì wà nísàlẹ̀, kò gbàgbé ọ̀kan. Agbára: mẹ́fà. Eré sísá: márùn-ún. Ọgbọ́n: mẹ́rìndínlógún. Ẹnu: ogún.

Mo ní, "Ẹnu, ogún kẹ̀? Ta ló wọ̀n ọ́n?"

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n. Mò ń gbọ́ ọ láti inú géètì lọ́hùn-ún."

Mi ò lè sọ fún yín pé ìfẹ́ dé lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé láti ìgbà yẹn, bó bá ti di Ọjọ́rú, mo ti ń nu àga tó máa jókòó lé ní Sátidé.

Oṣù márùn-ún kọjá báyẹn. Mo ra ìlú fún wọn nínú ìtàn, mo ta ìlú, mo ná ẹṣin títí ẹlẹ́ṣin fi sunkún. Ọmọ Bódìjà á máa gbé àga sún mọ́ tèmi, á ní òun fẹ́ rí bébà mi dáadáa. Bébà tóun fúnra ẹ̀ kọ! Mi ò lé e.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, òjò ti ṣú, ó wá lóun nìkan. Kò ra nǹkan. Ó dúró sáàárín bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa àti aláwọ̀ ewé, ó di agboòrùn mú bí ìbọn. Ó ti fi "mà" sílẹ̀ nígbà náà, nítorí mo ti kéde pé ẹni tó bá tún pè mí ní mà, ìlọ́po méjì ló máa san.

Ó ní, "Mo ní ọ̀rọ̀ kan. Mo ti tò ó sórí, kí n má baà gbàgbé."

"Tò ó sílẹ̀ ká gbọ́."

"Mo fẹ́ràn ẹ. Mi ò fi ṣeré. Mo fẹ́ ká máa fẹ́ra wa, tí ìwọ náà bá fẹ́."

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ gbé báfù dé orí. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà ni mí, ọmọ Ìbàdàn sì ni mí. Ẹni tí wọ́n bá dá irú ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ fún, ẹ jọ̀ọ́, kí ló máa ń kọ́kọ́ pè? Èyí tó ga ni. Mo yínmú, mo gbójú sókè, mo ní, "Èmi? Rárá o. Mi ò fẹ́. Ta ló rán ẹ sí mi? Lọ kàwé ẹ jàre."

Owó àkọ́pè ni mo pè yẹn. Kò sí ọmọ Àgbowó kan tí kò ní mọ̀. Ó kù kó ní, "Háà, Oníke, ṣé bó o ṣe máa ṣe mí nìyẹn?" Kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Kó bẹ̀ mí, kí n ṣe bí ẹni tó ń ronú, kó dọ̀la, kó dọ̀túnla, kó ra bisikíìtì wá, kí n wá jẹ́ kó rí eyín mi.

Ó ní, "Ó dáa. Mo dúpẹ́ pé o sọ ọ́ gbangba. Mi ò ní dà ẹ́ láàmú mọ́."

Ó sì lọ.

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Mo ní, ẹ wò ó, ó ti kọ́ ọjà níná, ìrìn oníbàárà ló ń rìn! Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dé iwájú ìyá oníṣájà: á wẹ̀yìn níbí. Kò wẹ̀yìn. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe fótókọ́pì: ibí ló ti máa wẹ̀yìn. Ó ṣí agboòrùn. Ó sọdá títì. Ó wọ géètì. Òjò bẹ̀rẹ̀.

Ìyá oníṣájà ní, "Oníke, kí lò ń ṣe nínú òjò?"

"Mò ń retí kó wẹ̀yìn."

"Kí ta ni wẹ̀yìn?"

Mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n wá ìjókòó. "Dúró ná. Ọmọ tó ra tábìlì? Ẹni tó o pe owó burúkú yẹn fún tó san án láìmí? Òun lo wá lọ pe 'rárá' fún?"

"Rárá ti ọjà ni, ẹ̀yin ìyá."

"Òun ti san án nìyẹn!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú. "Sáré pè é padà."

"Èmi? Kí n máa ké pe ọkùnrin lójú títì Àgbowó?"

"Ṣebí ojoojúmọ́ lò ń ké pe oníbàárà lójú títì Àgbowó."

"Ti ike nìyẹn."

Wọ́n ní, "Ẹ kú ike o."

Sátidé dé, mo rò pé á bínú, á fajú ro, ká wá fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Kò bínú. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè ìyá mi, ó lọ gbé àga rẹ̀ sí ìkángun kejì tábìlì. Ó bọ̀wọ̀ fún mi débi pé ìbínú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Nínú ìtàn, ọdẹ rẹ̀ ń ṣọ́ ẹ̀yìn wa, ó jìnnà sí Oníṣòwò ní ìwọ̀n pápá bọ́ọ̀lù kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dínwó. Mo gbé sóbò tútù wá, ó ní, "O ṣé." Mo wé síkáàfù tuntun, Aláriwo ló rí i. Mo ní àga rẹ̀ ti fẹ́ kán, kó wá jókòó sí ti ẹ̀gbẹ́ mi, ó yẹ àga náà wò, ó ní kò ṣe nǹkan kan. Ọlọ́jà tó ti lé oníbàárà lọ tó wá ń pàtẹ sí i lẹ́yìn, ẹ wò mí.

Sátidé mẹ́jọ lọ báyẹn. Ọ̀gá Ìtàn wá sọ ọ́ lọ́jọ́ kan bí wọ́n ṣe ń kó bébà: ìwé àgùnbánirọ̀ ti jáde. Òkè Ọya lọ́hùn-ún ni wọ́n gbé ọmọ Bódìjà lọ, ọdún kan gbáko, ọjọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn ló máa wọkọ̀ ní Òjòó. Sátidé kan ṣoṣo ló kù fún wa.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ta ike bí ẹni tí wọ́n ti yọ batìrì rẹ̀. Ẹnìkan ra báfù, mo fún un ní ìdérí tí kì í ṣe ti báfù yẹn. Ìyá oníṣájà ń wò mí, wọn ò tiẹ̀ fi mí ṣẹ̀sín mọ́, ìyẹn ló wá bà mí lẹ́rù jù.

Sátidé ìkẹyìn pé. Wọ́n ra búrẹ́dì àti àkàrà, Ẹlẹ́pà mú ẹ̀pà wá fún gbogbo èèyàn. Ìtàn dé etí odò ńlá kan. Ọ̀gá Ìtàn ní ẹnìkan ní láti dá sọdá, kó lọ ṣọ́ ibodè òkèèrè. Ọmọ Bódìjà ní ọdẹ òun á lọ. Ọ̀gá Ìtàn fọwọ́ lẹ́rán. Ó ní, "Ọdẹ ń lọ. Ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo yín. Ó ti kọjá ìdí igi àkọ́kọ́, kò wẹ̀yìn. Ó ti kọjá ìdí igi kejì, kò wẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan omi." Ó wá wò mí. Ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ìyá oníṣájà ń wúkọ́ bí ẹni tó gbé iyọ̀ mì. Mo mọ̀ pé wọ́n ti tú mi fó.

Mo wo ọmọ Bódìjà. Bébà ló ń wò. Mo rí Òjòó lójú mi, mo rí ọkọ̀ tó ń ṣí, mo rí ara mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí mò ń retí kí mọ́tò wẹ̀yìn.

Mo ké. "Ẹ padà wá! Ẹ mú owó wá!"

Ohùn tí mo fi ké e, àwọn tó ń dúró de kẹ̀kẹ́ lódìkejì yíjú. Oníbàárà kan tó ti ń lọ padà wá ní tòótọ́.

Aláriwo ní, "Wait o. Na for game abi na for real life?"

Ọmọ Bódìjà gbójú sókè. Ó ní, "Ta lò ń pè? Ọdẹ, àbí èmi?"

"Ìwọ. Ìwọ ẹni tí ọrùn ẹ̀ ò mọ ẹ̀yìn wò. Rárá tí mo sọ nínú òjò lọ́jọ́sí, owó àkọ́pè ni."

"Owó àkọ́pè?"

"Bíi ti tábìlì yìí! Owó tó o san lórí ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ra méjì."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

"Ìyá mi bá mi wí fún odidi ọ̀sẹ̀ kan lórí ẹ̀."

"Kí ló wá dé tó o san án?"

Ó gbé dáìsì olójú ogún, ó ń yí i lọ́wọ́. "Iye tó o pè nìyẹn. Mo rò pé ohun tó o bá fẹnu ẹ sọ, òun lo fẹ́. Tó o bá sì ní o ò fẹ́ mi, kí n máa wá bẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ kẹ̀? Ìwọ lo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Kò síbi tó o lè sá sí."

Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ọkùnrin tó ti ń wá ná mi láti ìgbà tí mo ti ń jókòó sí Àgbowó, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹnu mi tó jẹ́ ogún, ó di eéjì.

Mo ní, "Ó dáa. Eléyìí kì í ṣe àkọ́pè. Jálẹ̀ rèé, kò sí ẹ̀dínwó nínú ẹ̀. Mo fẹ́ ẹ. Ó ti pẹ́."

Ẹlẹ́pà gbé ẹ̀pà mì. "Ó ti pẹ́ lóòótọ́," ló wí. Gbogbo wa wò ó, a ò mọ̀ pé ohùn rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Bódìjà kò rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ lẹ́rán, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó wá ṣe ohun kan tí kò ṣe rí. Ó ní, "Háà! Ó wọ́n o."

"Kí ló wọ́n?"

"Sátidé mẹ́jọ ni mo fi jókòó sí ìkángun tábìlì. Mo fẹ́ èènì."

Aláriwo gun orí àga. Ọ̀gá Ìtàn ń fi bébà bojú.

Mo ní, "Èènì wo?"

"Kó o máa pè mí lórí fóònù ní gbogbo Sátidé, ní agogo méjì, kó o gbé fóònù náà sórí tábìlì yìí, kí n lè máa ṣe ọdẹ mi láti ibẹ̀."

Ẹ ò rí i pé ó yẹ kí n gbà? Ṣùgbọ́n ara mi ti yá. "Ọ̀sẹ̀ méjì méjì," ni mo wí.

Ó ní, "Ó dàárọ̀." Ó dìde. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń rìn lọ sí ìdí àwọn báfù, pẹlẹbẹ, gbọọrọ, agídí. Mo mọ̀ pé eré ni. Mo mọ̀ dájú. Ẹsẹ̀ méjì péré ni mo jẹ́ kó gbé.

"Ẹ padà wá! Gbogbo Sátidé!"

Ọdún àgùnbánirọ̀ rẹ̀, fóònù wà lórí tábìlì funfun ní gbogbo Sátidé, a fi jọ́ọ̀gì gbè é lẹ́yìn kó má baà ṣubú. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ, ọdẹ á há sáàárín igbó, a ó máa dúró dè é. Òun á máa ju dáìsì tiẹ̀ lọ́hùn-ún, á sọ iye tó jókòó lé, kò sẹ́ni tó ń bi í pé ṣé lóòótọ́ ni. Ó padà dé. Ó ń ṣiṣẹ́ báyìí ní Ring Road, ọ̀sán Sátidé rẹ̀ ṣì jẹ́ tiwa.

Oṣù tó kọjá, obìnrin kan sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Kò sẹ́ni tó sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ fún mi. Wọ́n ga, wọ́n rí pẹlẹbẹ bíi pé wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ wọ́n.

Wọ́n tẹ bọ́kẹ́ẹ̀tì kan lórí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ nídìí. "Èló lo pe eléyìí?"

Mo pe owó tó dáa, owó ọmọlúwàbí, lẹ́yìn tí mo ti kí wọn tán lórí ìkúnlẹ̀.

Wọ́n ní, "Háà! Ṣé wúrà ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀ ni?" Wọ́n dá ohun tí kò tó ìdámẹ́ta. Inú mi dùn, mi ò lè sọ ọ́. Mo ní rárá mà, kò gbà mà, ẹ fi nǹkan sí i mà. Wọ́n pòṣé, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń lọ. Wọ́n kọjá ìyá oníṣájà. Wọ́n ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe fótókọ́pì. Mo dúró, mò ń gbádùn ìrìn náà, ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹni tó mọ̀ ọ́n rìn bẹ́ẹ̀.

Ìyá oníṣájà jágbe, "Oníke! Ṣé o tún fẹ́ dúró sínú òjò ni?"

Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo sá tẹ̀ lé wọn, bàtà mi kan ṣẹ́ kù sójú ọ̀nà. "Ẹ padà wá mà! Ẹ mú owó wá!"

Wọn ò tíì yíjú tán tí wọ́n fi ní, "Ọmọ mi ti sọ fún mi pé o máa ń pẹ́ kó o tó pe èèyàn padà."

Mo kúnlẹ̀ sínú eruku títì, tèmi tike.

Wọ́n wò mí títí. "Dìde," ni wọ́n wí. "Èló ni jálẹ̀?"